Ọwọ́ Dúdú Inú Àwòrán Ìbùkún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ní kí n wá sọ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo gbọ́ pé dókítà àti lọ́yà lẹ kọ́kọ́ pè, pé ìgbà tí wọn ò ráyè lẹ tó rántí èmi Màmá Alámọ̀. Kò burú. Ohun tí wọn ìbá sọ fún yín, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tèmi ni ẹ ò mọ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi jókòó ti ọmọdé àti àgbà ní ìlú Bìní yìí, tí wọ́n ń ya àwòrán, tí wọ́n ń mọ amọ̀, tí ohun tó wúwo lọ́kàn wọn sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ni. Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní àwòrán yíyà. Ẹlòmíì á fa ìlà mẹ́ta péré, á bú sẹ́kún, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi ní Ọ̀wọ̀ kò yé sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Fọláṣadé ń bá àwọn wèrè ṣeré ní Bìní." Mo ní, "Màámi, wọn kì í ṣe wèrè. Ọkàn wọn ló rẹ̀." Ó ní, "Ta ni ọkàn tiẹ̀ ò rẹ̀? Ṣé èmi náà lè wá ṣeré?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó wá bá mi, bí ẹ bá pàdé wọn lọ́nà, ẹ máa kí wọn kọjá ni, ẹ ò ní fura sí nǹkan kan.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gba ká pẹ́ lórí ẹ̀. Mo kàwé gboyè nínú iṣẹ́ ọnà, báǹkì gbé ọkọ mi wá sí Bìní, mo tẹ̀lé e, ilé ìwòsàn kan gbà mí. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. A jẹun, àwọn ọmọ kàwé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ti ọ̀gá mi.

Màdáámù Ìyóbọ̀sà là ń pè é. Ọmọ Bìní pọ́ńbélé, obìnrin kúkúrú tó fi okùn so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì, ó ti ṣe tíṣà, ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lókè òkun kó tó padà wálé, kí wọ́n tó fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń kó àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí tẹ́lẹ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sátífíkéètì mi, mo rò pé ó máa fún mi ní aláìsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wo ìwé náà, ó dá a padà fún mi, ó wá nàka sí garawa amọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó ní, "That one na paper. This one na work."

Oṣù mẹ́jọ gbáko, amọ̀ ni mo pò. Etí odò Ikpoba la ti máa ń lọ bù ú. A ó rẹ ẹ́, a ó ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀, a ó pò ó títí tó fi máa rọ̀ dáadáa. Bí òkúta kan bá ṣẹ́kù tó sì gún aláìsàn lọ́wọ́, mo gbé lọ́jọ́ náà. Màdáámù ní ẹni tó bá fọkàn tán amọ̀, tí òkúta wá gún un, kò ní fọkàn tán an mọ́. Mò ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, mò ń gé bébà, mò ń po ọ̀dà. Mi ò gbọdọ̀ bá aláìsàn sọ ju "ẹ káàbọ̀" lọ. Èmi, odidi gírádúéètì! Mò ń sunkún délé. Ọkọ mi ní kí n kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní rárá o, obìnrin tí kò ga ju èjìká mi lọ yẹn kò tó ẹni tí í lé mi.

Nígbà tó wá gbà kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, òfin ló kù. A kì í bi èèyàn pé, "Kí lo yà yìí?" Tí o bá bi í, ohun tó máa tẹ́ ọ lọ́rùn ló máa wá sọ. A kì í sọ pé "ó dára", torí ọjọ́ tó bá nílò kó ya ohun tí kò dára ńkọ́? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni ín. Òun ló máa gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, òun ló sì máa sọ ẹni tó máa rí i. A kì í fọwọ́ kàn án. Èyí tó ga jù ni pé a kì í túmọ̀. Màdáámù ní rúlà onígi kan, bí mo bá ti la ẹnu pé, "Mà, ó jọ pé...", rúlà á ti dún lórí tábìlì, gbà!

Ó le fún ọmọ Yorùbá. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà ló ń bi ọmọ léèrè, ọmọ á sì dáhùn kíá. Ṣùgbọ́n mo wá rí nǹkan kan tí Màdáámù pàápàá ò rí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nínú ilé Yorùbá kì í tẹjú mọ́ àgbà. Bí o bá gbé àga kọjú sí i pé kó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, ilẹ̀ ló máa wò, "kò sí nǹkan, mà" ló máa sọ. Ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, amọ̀ lẹ jọ ń wò. Ẹnikẹ́ni ò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ọmọ náà ò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ sì ráyè jáde. Mo sọ ọ́ fún Màdáámù. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Fọlá, you don dey see." Ìyìn kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé nìyẹn, mo ṣì ń jẹ ẹ́ bí ẹran dòní.

Ẹ má bínú, mò ń yin ara mi. Ẹni tí kò bá yin ara rẹ̀, ṣé aládùúgbò ló máa yìn ín?

Àmọ́ ìṣòro kan wà ní ìlú wa yìí: gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí wọ́n ríran sí òun. Nígbà tí òkìkí yàrá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, ìyá kan wá láti New Benin, ó gbé bébà tí ọmọ rẹ̀ ya nǹkan sí dání, ó ní kí n bá òun wo ẹni tó ń dí ọmọ òun lọ́nà nínú rẹ̀. Mo ní, "Mà, èmi kì í ṣe aríran." Ó ṣẹ́jú sí mi, ó ní, "Ẹ̀ ń fi í pamọ́ ni." Mo rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Nígbà tó fi bébà náà sílẹ̀ tó lọ tán, mo tún wò ó. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó máa ń dùn mọ́ni kí wọ́n rò pé ojú ẹni ń rí ohun tójú ẹlòmíì ò rí. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ wàyí, àwọn tó ni ín ló ní kí n sọ ọ́. Bí wọn ò bá fún mi láyè, ẹ kì bá gbọ́ ọ. Ẹni tó sì yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti gbọ́.

Ọdún kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n mú Ìbùkún wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Bìní, irú yín yìí, tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké àmọ́ tó jẹ́ pé Pidgin ló fi ń dáhùn. Bàbá rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì ní Uselu, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ òkìrìkà. Wọ́n ní ọjọ́ òjò ńlá kan, ọmọ náà já sí gọ́tà, bàbá rẹ̀ fà á jáde, láti ọjọ́ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Iléèwé ti ní bí kò bá sọ̀rọ̀ kí sáà tó parí, kí wọ́n mú un lọ síbòmíì. Ìyá rẹ̀ tún rọra sọ sí mi létí pé kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ fọwọ́ kan òun mọ́. Oúnjẹ tí bàbá bá gbé fún un, kò ní jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kàn jókòó tó ń wo tábìlì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Màdáámù lọ sìnkú nílé, ó fi èmi nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Ìbùkún na ọwọ́, tó mú kíréyọ́nnù dúdú. Ó ya ọkùnrin kan. Ọwọ́ ọkùnrin náà tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ó sì kun ọwọ́ náà ní dúdú, ó ń kùn ún, ó ń kùn ún, títí kíréyọ́nnù fi kán. Lábẹ́ ọkùnrin náà, ó ya ọmọbìnrin kékeré kan tí kò ní ọwọ́ rárá.

Mo ti kà á nínú ìwé kan pé ọwọ́ tó bá tóbi nínú àwòrán ọmọdé, ọwọ́ tó ń nani ni. Mo ní, "Fọláṣadé, o ti rí i!" Mi ò dúró de Màdáámù. Mi ò dúró de ọmọ náà. Mo gba àwòrán náà níwájú rẹ̀, mo gbé e jáde lọ bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo ní, "Mà, ẹ ṣọ́ bàbá ọmọ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ba ọmọ lẹ́rù."

Mi ò sọ pé ó nà án. Mi ò sọ pé ó ṣe nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ lọ́nà tí obìnrin náà á fi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ó ti kó ọmọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti wá láti Àkúrẹ́, wọ́n fẹ́ lu bàbá náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, níbi tó ti wà lára àwọn tó ń gbé igbá ọrẹ, wọ́n ní kó ṣì lọ jókòó sẹ́yìn ná. Ní Uselu, àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò wọn kúrò. Ìbùkún ńkọ́? Ìgbà tí mo gba àwòrán yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò wò mí rí kó tó dọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n tún mú un wá, ó ká apá, ó fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá, kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí, èmi ni mo tì í.

Màdáámù dé, mo sì ròyìn fún un bí ẹni tó ń retí oríyìn. Kò lu tábìlì. Ó jókòó, ó ní, "Wetin the girl talk?"

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan, mà."

"So who talk?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa búrọ́ọ̀ṣì jọ.

Ó ní, "Na you talk. You draw your own picture, put am for the pikin hand." Ó wá bi mí bóyá mo bi bàbá náà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Mo ní ìyá nìkan ni mo bi. Ó mi orí. Ó ní kí n lọ bá a ní Uselu, kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe níṣojú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kí n má pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní gbangba ni mo ti bà á jẹ́, gbangba ni mo ti máa tún un ṣe.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi funfun. Wọ́n júwe ibi tó wà fún mi, abẹ́ mọ́tò ló wà. Nígbà tó fà jáde, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ńlá, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti sọ ọ́ di dúdú dé igunpá. Ọmọ yẹn ò ya ìran kankan. Bàbá rẹ̀ ló yà, bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ tó ti mu ọ́ìlì yó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó tú ilé yín ká. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ yín. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ dárí jì mí." Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dúró. Ọ̀kan ju sípánà sílẹ̀.

Bàbá Ìbùkún fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún bí ẹni pé ó máa mọ́. Ó ní, "Ẹ dìde, mà. Aṣọ yín ti bàjẹ́."

"Ẹ fi aṣọ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Ọwọ́ yìí ni mo fi fà á jáde." Ó ju àkísà náà sílẹ̀. Ó wá sọ ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ fún wa: kì í ṣe Ìbùkún nìkan ló já sí gọ́tà lọ́jọ́ náà. Efe, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé, wà níbẹ̀. Efe bá omi lọ. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nílé, torí a kì í sọ ikú ọmọdé létí ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́ lórí Efe, ọmọ náà sì bá wọn dákẹ́.

Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ọmọ mi." Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ìbá tù mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo dúró níwájú ìjọ wọn, mo sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Ìyá Ìbùkún ló kọ́kọ́ dìde. Ó rìn kọjá gbogbo ènìyàn, ó lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó padà sílé lọ́sẹ̀ náà.

Ó wá ku Ìbùkún. Mo bẹ Màdáámù kó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tó fa aṣọ ya ni í fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti ọmọ náà ní ọjọ́ Thursday mẹ́fà, tí mò ń po amọ̀, tí mi ò sọ ju "káàbọ̀" lọ. Bàbá rẹ̀ ló ń mú un wá báyìí. Á jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé orúnkún. Sáà iléèwé ń parí lọ. Oorun ò kùn mí mọ́.

Ní Thursday keje, mo kánjú ṣa amọ̀ lówùúrọ̀. Bí mo ṣe ń pò ó níwájú Ìbùkún, òkúta kan gún mi níka, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo pariwo, "Yéè!" Ọmọ náà tú apá rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú amọ̀ níwájú mi, ó wá òkúta náà, ó yọ ọ́, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ó tún wá òmíràn. Ó ṣa gbogbo rẹ̀ tán, kò kánjú bíi tèmi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan. Mo fi ìka mi sẹ́nu, mo sì wo amọ̀.

Ọwọ́ ló mọ. Ọwọ́ ńlá.

"Na Daddy hand," ó ní. Ohùn rẹ̀ há, bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í. "E hold me. I hold Efe." Ó fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹwọ́ amọ̀ náà. "Na me leave Efe."

Áà! Ẹnu mi ti là láti sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Mo gbọ́ rúlà nínú orí mi. Mo ní, "Mò ń gbọ́." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀, bí omi ṣe gbé bàtà wọn, bí Efe ṣe pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó sọ tán, òun fúnra rẹ̀ dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó pe bàbá rẹ̀ wọlé, ó gbé ọwọ́ amọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ìwọ kọ́ lo fi í sílẹ̀, Ìbùkún. Omi ni."

Ó ní, "You sure, Daddy?"

Bàbá náà yí ojú sí fèrèsé kó tó ní, "Ó dá mi lójú." Mo rí i tó yí ojú. Mi ò túmọ̀ rẹ̀. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ìbùkún padà síléèwé. Ọmọ náà dé ibi tó dé, ẹ bá mi dúpẹ́: nọ́ọ̀sì àgbà ni ní Warri. Ọdọọdún ló ń wá kí mi. Àmọ́ nígbà tí ọmọ tirẹ̀ kéré, bó bá mú un lọ́wọ́ sọdá títì, á dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ á fi máa sunkún. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "Màmá, Daddy ní kì í ṣe èmi. Mo gbà á lẹ́nu. Nínú mi, I never gree."

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Màdáámù fẹ̀yìn tì, ó sì gbé rúlà rẹ̀ fún mi. Ayé ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Amọ̀ odò di amọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní òkúta kankan. Mo ṣì ń ṣà á, ọwọ́ mi ò gbà kí n má ṣà á. Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ju ọmọdé lọ. Ọkùnrin báǹkì kan fi rúlà fa ìlà gbọọrọ fún oṣù méjì, kò fẹ́ kí ọ̀kan wọ́. Ọjọ́ tí ọ̀kan ṣèèṣì wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ọjọ́ yẹn ló sọ fún mi pé òun ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ gba aginjù kọjá sókè òkun, tí wọ́n dá padà, iyanrìn nìkan ló ń yà. Mo jókòó ti iyanrìn náà.

Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ máa fi ìka ya àwòrán lójú fóònù. Inú bí mi. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ohun tí wọ́n lè pa rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan ṣe? Ọmọkùnrin kan wá ní, "Mama, na the delete dey sweet me." Ó máa ń ya ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ níléèwé, á wò ó, á pa á rẹ́, ara á tù ú. Nígbà tó yá, ó ya ọ̀kan tí kò pa rẹ́, ó fi hàn mí, a sì jọ lọ bá àwọn tó yẹ ká bá. Mo gba fóònù láàyè. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, oṣù mẹ́jọ ló fi po amọ̀, ìbáà ní dìgírì mẹ́ta. Wọ́n ní mo burú. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ibẹ̀ lónìí, wọ́n sì ti ra rúlà tiwọn.

Mo wá fẹ̀yìn tì sílé mi ní Oregbeni. Mo gbé tábìlì kan sí bàráńdà àti garawa amọ̀ kan, torí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yà. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú géètì, ọkùnrin arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Ìbùkún ni. Òun náà ti fi iṣẹ́ Uselu sílẹ̀. A kíra, mo fún un lómi. Ó mu ún díẹ̀, ó ní, "Amọ̀ yẹn ṣì wà?"

Ní gbogbo ọdún yẹn, bàbá yìí ò jókòó sí tábìlì mi rí. Bẹ́ǹṣì ìta ni tirẹ̀. Mo gbé amọ̀ síwájú rẹ̀, mo jókòó, mo mú díẹ̀ sọ́wọ́ èmi náà.

Ọwọ́ ńlá yẹn ti hunjọ. Ó ti mọ́, ìdí èékánná nìkan ni dúdú kù sí. Ó mọ ọwọ́ ọmọdé kan. Ó mọ ìkejì. Ó fi ìka wọn kọ́ ara wọn, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò rẹ̀ tú wọn, ìka kan, ìka kejì, títí ọwọ́ kan fi bọ́ sórí tábìlì.

Gbogbo ara mi ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi pa ẹnu mi dé. Mo ní, "Mò ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Ọmọ yẹn ò fi í sílẹ̀. Ó dì í mú ṣinṣin. Mò ń fa Ìbùkún, Efe ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, omi ń gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Apá mi ò ká wọn." Ó fọwọ́ kan ọwọ́ tó bọ́ náà. "Èmi ni mo tú ìka wọn."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti fi gbé ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan òun, kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lé e sí ìjókòó ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun. Ìdí tí kò fi bú mi nìyẹn. Mo sunkún, mi ò fi í pamọ́.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Kí ni kí n fi ṣe?"

Ká ní ìgbà tí mo kéré ni, ǹ bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ẹni tó máa rí i."

Ó yọ fóònù jáde, amọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ ò lè tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n bá òun pe Ìbùkún. Mo pè é, mo gbé e sí i létí.

"Ìbùkún, Dádì ni. Mi ò ṣàìsàn. Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, a jọ máa lọ rí ìyá Efe. Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o bi mí bóyá ó dá mi lójú."

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti Warri, jẹ́ẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ láìmọ̀ pé mò ń kọ́ ọ.

"Daddy, I dey hear."

Mo dìde, mo lọ fọ ọwọ́ mi, mo fi bàbá àti ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n jọ sọ ọ́.